Máìkì Wo Ni Ká Rà? Ẹ̀kọ́ lórí Gbígba Ohùn Sílẹ̀ Nínú Ilé

Bismillāhir-Rahmānir-Rahīm.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó fi ahọ́n, ètè àti etí ta ènìyàn lọ́rẹ. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.



Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí jáde láti inú ìbéèrè tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń bi wá léraléra, ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn, ní Òkèhò àti ní Ìgbòho. Wọ́n fẹ́ gba ohùn sílẹ̀ nínú ilé. Ẹnì kan fẹ́ ka Àlùkùránì kí àwọn ọmọ ilé-kéwú lè máa fi kọ́ra. Ẹlòmíràn fẹ́ gba wáàsí. Àwọn arábìnrin wa fẹ́ gba wákà tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀sìn. Wọ́n ti ń dá owó jọ díẹ̀díẹ̀, ìbéèrè tó wá kù ni pé: máìkì wo ni ká rà, preamp wo ni ká sì so mọ́ ọn? Preamp ni ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn tó ti inú máìkì wá sókè kí ó tó wọ inú kọ̀ǹpútà.

Kí ẹni tí kò ráyè ka ẹ̀kọ́ yìí dé òpin má baà lọ lọ́wọ́ òfo, ìdáhùn wa nìyí: ẹ ra máìkì tó bá ilé tí ẹ ń gbé mu, ẹ má ra èyí tó bá ilé ẹni tó ń polówó rẹ̀ mu. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé wa ní Òkè-Ògùn, máìkì náà ni irú èyí tí wọ́n ń pè ní dynamic, tí a gbé sún mọ́ ẹnu, pẹ̀lú preamp tí agbára rẹ̀ tó láti gbé e sókè láì fi ariwo tirẹ̀ kún un. Owó tó bá kù, kí ẹ fi wá ìdákẹ́jẹ́. Àlàyé rẹ̀ ló ń bọ̀ yìí.

KÍ NI À Ń DÁÀBÒ BÒ?

Ẹni tó bá ti jókòó síwájú àfáà mọ̀ pé lẹ́tà kan ṣoṣo lè yí ọ̀rọ̀ padà. "Qalb" ni ọkàn, "kalb" ni ajá. "Ism" ni orúkọ, "ithm" ni ẹ̀ṣẹ̀. "Sayf" tí a fi Sīn kọ ni idà. Èyí tí a fi Sād kọ ni àsìkò ooru. Èdè Yorùbá náà kò gbẹ́yìn: ẹni tó ní òun fẹ́ sá igi kò sọ ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tó ní òun fẹ́ ṣá igi.

Nínú ìmọ̀ tajwīd, lẹ́tà mẹ́wàá wà tí à ń pè ní lẹ́tà hams. Àwọn ni Fā, Hā méjèèjì, Thā, Shīn, Khā, Sād, Sīn, Kāf àti Tā. Èémí ló ń gbé wọn jáde, wọn kò sì ní ohùn ọ̀fun nínú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe jẹ́ aláìlágbára, tí ìró wọn sì jọ ìró afẹ́fẹ́. Àwọn gan-an ló kọ́kọ́ máa ń sọnù nínú ohùn tí a gbà sílẹ̀. Ariwo fáànù jọ wọ́n, ariwo ìkùukùu inú ẹ̀rọ tí kò dára jọ wọ́n, nígbà tí ariwo bá sì dàpọ̀ mọ́ lẹ́tà tó jọ ọ́, etí kò ní mọ èyí tí í ṣe lẹ́tà mọ́.

Ìró ni afẹ́fẹ́ tó ń gbọ̀n. Etí ọ̀dọ́ tó dá ṣáká ń gbọ́ ìró tó ń gbọ̀n láti nǹkan bí ìgbà 20 títí dé nǹkan bí ìgbà 20,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tó ń ya Sīn sọ́tọ̀ kúrò lára Thā, òkè pátápátá ló wà, níbi tí ìró ti ń gbọ̀n ju ìgbà 4,000 lọ. Fóònù àtijọ́ tó ní wáyà kì í gbé ju 300 sí 3,400 lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń pe orúkọ lórí fóònù fi máa ń ní láti dá lẹ́tà rẹ̀ pè lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà gbọ́ ọ sódì.

Ẹni tó ń gbọ́ wáàsí ní èdè Yorùbá lè fi òye dí àlàfo. Bí ọ̀rọ̀ kan bá pa rẹ́, èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e á fi í hàn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń há sūra kò ní irú òye bẹ́ẹ̀ nínú Lárúbáwá. Ohun tó bá gbọ́ ni yóò há sórí, ohun tó bá há sórí ni yóò máa kà lórí ìrun títí yóò fi dàgbà, á sì fi kọ́ ọmọ tirẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni a kò fi gbọdọ̀ ka ọ̀rọ̀ máìkì yìí sí ọ̀rọ̀ afẹ́.

ÀWỌN TÓ TI ṢE É ṢÁÁJÚ WA

Ní 1959, ọ̀gbẹ́ni kan ní Íjíbítì tó ń jẹ́ Labib as-Said dá a lábàá pé kí wọ́n gba gbogbo Àlùkùránì sílẹ̀ ní ohùn, kí kíkà rẹ̀ tó tọ́ lè wà fún àwọn tí kò ní olùkọ́ nítòsí. Shaykh Mahmud Khalil al-Husary ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ó kà á ní ọ̀nà Hafs láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn àwo rẹ̀ sì jáde ní 1961. Wọ́n bí Shaykh náà ní 1917, ó sì kú ní 1980. Síbẹ̀, ọmọ tó wà ní Kíṣì lónìí lè gbọ́ ibi tó ti fa ohùn àti ibi tó ti dá èémí dúró, nítorí pé àwọn tó gbà á sílẹ̀ ṣe é nínú yàrá tó dákẹ́.

Ẹ wá fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ilé-iṣẹ́ Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde ní 1963, nígbà tó sì dé ọ̀dọ̀ wa, wáàsí àti tafsīr oṣù Ramadan kún inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a fi ẹ̀rọ tó jìnnà sí ẹnu gbà, a tún wá ń da ẹ̀dà kọ láti ara ẹ̀dà, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sì ń fi ìkùukùu tirẹ̀ kún ti àkọ́kọ́. Àwọn àgbà tó sọ̀rọ̀ nínú òmíràn nínú wọn ti papòdà. Ohun tó ṣẹ́kù níbẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀, ikọ́ àwọn èrò, àti ohùn kan tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. A kò lè pè wọ́n padà wá tún un sọ.

Àwọn àgbà olùkọ́ ṣì wà láàyè ní Òkè-Ògùn lónìí tí kíkà wọn kò tíì sí lórí ẹ̀rọ kankan. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ra máìkì, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ èyí tó lè gbé ohùn wọn dúró.

IRÚ MÁÌKÌ MÉJÌ

Iṣẹ́ máìkì ni kí ó sọ gbígbọ̀n afẹ́fẹ́ di iná mànàmáná kékeré. Ọ̀nà méjì ló gbajúmọ̀ jù láti fi ṣe é.

Èkíní ni dynamic. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lójú rẹ̀, wáyà tí a ká róbótó wà lẹ́yìn awọ náà, òòfà sì yí wáyà ká. Bí ohùn bá mi awọ, wáyà á mì nínú òòfà, iná díẹ̀ á sì jáde. Sípíkà tí a dojú rẹ̀ dé ni, ká kúkú sọ bẹ́ẹ̀. Kò nílò iná láti ìta. Ó ń fara da eruku, ooru àti ìṣubú. Èyí tí ayé mọ̀ jù ni SM58 tí ilé-iṣẹ́ Shure gbé jáde ní 1966. Sidney Shure ló dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Chicago ní Amẹ́ríkà ní 1925. SM58 ń gbé ìró láti 50 dé 15,000, èyí sì tó láti ya Sīn kúrò lára Thā.

Èkejì ni condenser. E. C. Wente ló ṣe é ní Bell ní Amẹ́ríkà ní 1916. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó dojú kọ irin pẹlẹbẹ kan, iná sì gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn kó tó lè ṣiṣẹ́. Iná náà jẹ́ 48 volt, inú wáyà máìkì ló ń gbà wọlé, phantom power sì ni orúkọ rẹ̀. Ní 1962, Gerhard Sessler àti James West, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, rí ọ̀nà láti fi iná náà pamọ́ sínú awọ fúnra rẹ̀. Irú yẹn ni electret, òun ló sì mú kí máìkì kékeré di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà.

Condenser mọ́ etí gan-an. Bí ohùn kan náà bá dé iwájú SM58 àti AT2020 ti Audio-Technica, SM58 á mú millivolt 1.85 jáde, AT2020 á mú 14.1 jáde, ìyẹn ju ìlọ́po méje lọ. Lẹ́tà hams máa ń dán gbinrin nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ní yàrá tó dákẹ́ lóòótọ́, a kò ní sọ pé kí ẹ má rà á.

Àwọn kan máa ń sọ pé dynamic kì í gbọ́ ariwo ìta. Ọ̀rọ̀ yẹn nílò àtúnṣe. Méjèèjì tí a dárúkọ yìí ló jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní cardioid: wọ́n ń gbọ́ iwájú dáadáa, wọn kì í sì í gbọ́ ẹ̀yìn tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbé wọn sí ibì kan náà, ìwọ̀n ariwo tí wọ́n máa gbọ́ sí ìwọ̀n ohùn kò ní jìnnà síra. Àǹfààní dynamic ni pé wọ́n ṣe é fún ẹnu. A lè gbé e sún mọ́ ètè láìsí pé ó ń bú gbàù, èémí kò sì tètè bà á jẹ́. Sísúnmọ́ yẹn ló ń borí ariwo. Condenser olówó pọ́ọ́kú, ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbé e jìnnà díẹ̀ nítorí èémí, ibẹ̀ sì ni òrùlé páànù, fáànù àti ewúrẹ́ aládùúgbò ti ń bá wọn ka sūra. A tún rántí ọyẹ́ tó ń da eruku bo ohun gbogbo, àti òjò tó ń mú kí inú ilé rin. Condenser kò fẹ́ràn ìkankan nínú méjèèjì.

PREAMP: ÌWỌ̀N AGBÁRA ÀTI ÌMỌ́TÓTÓ

Iná tó ń ti inú máìkì jáde kéré púpọ̀, kọ̀ǹpútà kò sì lè lò ó bẹ́ẹ̀. Preamp ló ń sọ ọ́ di ńlá. Decibel, tí wọ́n ń kọ ní dB, ni wọ́n fi ń wọn bí ó ṣe ń gbé e sókè tó. Ẹ há èyí sórí: 20 dB ni ìlọ́po mẹ́wàá, 40 dB ni ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, 60 dB ni ìlọ́po ẹgbẹ̀rún.

Nítorí pé iná dynamic kéré, ó ń fẹ́ preamp tó lágbára. Fún SM58 tó sún mọ́ ẹnu, nǹkan bí 50 sí 60 dB ni a máa ń nílò. SM7B tí ẹ ń rí níwájú àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára tún ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ṣe é fúnra wọn sọ pé kò gbọdọ̀ dín ní 60 dB. Ẹni tó bá ra SM7B tó sì so ó mọ́ preamp tí agbára rẹ̀ kò tó, ó ra ẹṣin láì ní oúnjẹ tí yóò fún un.

Ìbéèrè kejì ni ìmọ́tótó. Gbogbo preamp ló ní ariwo tirẹ̀. Bí a bá yí bọ́tìnì rẹ̀ dé òpin, preamp tí kò dára á máa dún "ṣíììì", ìró yẹn sì jọ Shīn àti Sīn jù lọ. Nínú ìwé tó bá ohun èlò wá, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ EIN sí. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe jìn sí ìsàlẹ̀ òdo tó ni ó ṣe dára tó. Èyí tó bá wà ní nǹkan bí -128 dBu mọ́ tó fún iṣẹ́ wa.

Ṣé ó di dandan kí a ra preamp lọ́tọ̀? Rárá. Àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní interface, tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú wáyà USB, ti ní preamp nínú. Ẹ sáà wo agbára rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ni Scarlett 2i2 ti Focusrite: ìran kẹta rẹ̀ tó jáde ní 2019 ń gbé ohùn sókè dé 56 dB, ìran kẹrin tó jáde ní 2023 dé 69 dB. Orúkọ kan náà ni, ìrísí wọn jọra, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ 13 dB wà láàárín wọn. Ẹni tó bá ń ra àlòkù gbọ́dọ̀ bèèrè ìran tó jẹ́.

Bí ẹ bá ti ní àpótí tí agbára rẹ̀ kò tó, ẹ̀rọ kékeré wà tí a ń fi sí àárín máìkì dynamic àti àpótí, irú bíi Cloudlifter CL-1, tó ń fi nǹkan bí 25 dB kún un. Iná 48 volt ni òun náà ń lò, nítorí náà ẹ wò bóyá àpótí yín lè fún un ní iná yẹn. Iná náà kò ní ba máìkì dynamic jẹ́ bí wáyà rẹ̀ bá pé.

ILÉ NI MÁÌKÌ KẸTA

Ọ̀pọ̀ ilé wa ni ògiri rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì tàbí táìsì, tí òrùlé rẹ̀ sì jẹ́ páànù. Ohùn á kọlu ìkíní, á ta sí ìkejì, máìkì á sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Preamp tó wọ́n jù láyé kò lè yọ ìyẹn kúrò, ńṣe ni yóò gbé òun náà sókè.

Oògùn àkọ́kọ́ ni sísúnmọ́. Bí ẹ bá gbé máìkì kúrò ní 40 cm wá sí 10 cm síwájú ẹnu, ohùn yín lójú rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹn 12 dB, nígbà tí ìró ògiri á wà bó ṣe wà. Ọ̀fẹ́ ni èyí, kò sí ọjà tí wọ́n ti ń tà á.

Oògùn kejì ni aṣọ. Ẹ lo yàrá tí ẹ ń sùn sí, má ṣe lo pálọ̀. Ẹ gbé fóòmù tí ẹ ń sùn lé dúró sí ẹ̀yìn ẹni tó ń kà, ẹ fi búláńkẹ́ẹ̀tì tàbí kíjìpá àtijọ́ kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ tẹ́ ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Aṣọ tó nípọn ló ń ṣiṣẹ́. Kọ́tìnì fẹ́lẹ́ kò lè ṣe nǹkan kan.

Oògùn kẹta ni àkókò. Ní Ìsẹ́yìn, bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tán, òfì àwọn ahunṣọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Ní Ṣakí, ọ̀kadà kì í sinmi lójú títì. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, òjò lè bẹ̀rẹ̀ lórí páànù nígbàkígbà. Àkókò tó dára jù ni ẹ̀yìn ìrun Súbúhì, kí ayé tó jí tán. Bí iná mànàmáná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò sì wà ní pípa, ẹ má bínú, ọjọ́ ìgbohùn yín ló dé yẹn: kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ kún lè gbé irú àpótí bẹ́ẹ̀ nípasẹ̀ USB. Kódà nígbà tí iná wà, ẹ yọ ṣájà kúrò lára kọ̀ǹpútà bí ẹ bá gbọ́ "hùùù" nínú hẹ́dífóònù. Iná orílẹ̀-èdè wa ń gbọ̀n ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìró yẹn ló sì ń yọ́ wọlé.

BÍ A Ó ṢE NÁ OWÓ NÁÀ

1. Bí owó kò bá sí rárá: ẹ lo fóònù tó wà lọ́wọ́, nínú yàrá tí a ti fi aṣọ yí ká, ní 15 sí 20 cm síwájú ẹnu, kí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Bí ètò kan bá wà nínú rẹ̀ tó ń pa ariwo rẹ́, ẹ tì í pa. Irú ètò bẹ́ẹ̀ lè ka lẹ́tà hams sí ariwo, kí ó sì gé e sọnù.

2. Bí owó bá kéré: ẹ ra máìkì dynamic tó ní ojú USB àti ojú XLR pọ̀, irú bíi Samson Q2U tàbí ATR2100x-USB ti Audio-Technica. Preamp ti wà nínú rẹ̀, wáyà kan ṣoṣo ló sì ń wọ kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ tí owó interface bá dé, máìkì kan náà ni ẹ ó so mọ́ ọn.

3. Bí owó bá tó: ẹ ra SM58 tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú interface tí agbára rẹ̀ bá dé 60 dB, wáyà XLR tó dára, ohun ìdúró máìkì tó wúwo, àti hẹ́dífóònù tó bo etí.

4. Condenser: ẹ fi í sí ìkẹyìn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ní yàrá tí ẹ lè jókòó sí fún ìṣẹ́jú márùn-ún láì gbọ́ ohunkóhun.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. SM58 wà lára àwọn máìkì tí wọ́n ń ṣe ayédèrú wọn jù láyé. Ojúlówó rẹ̀ wúwo ní gíráàmù 298. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó sanwó. Èyí tó bá fúyẹ́ bí ike, ẹ dá a padà. Iye tí wọ́n bá sì pè é tó kéré jù, òun gan-an jẹ́ ẹ̀rí.

ÌDÁNWÒ

Kí ẹ tó fi ohun èlò yín gba sūra kankan, ẹ dán an wò báyìí.

Àkọ́kọ́, ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ sílẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú. Ẹ gbọ́ ọ pẹ̀lú hẹ́dífóònù. Ohunkóhun tí ẹ bá gbọ́ níbẹ̀ ni yóò wà lábẹ́ gbogbo āyah tí ẹ bá kà. Ẹ wá a rí kí ẹ sì pa á: aago ara ògiri ni, fíríìjì ni, tàbí fáànù yàrá kejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé máìkì sí ìwọ̀n bí ìbú ìka mẹ́rin sí márùn-ún sí ẹnu, kí ó yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí èémí má baà kọlù ú. Ìbọ̀sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn obìnrin ń wọ̀, tí a nà sórí wáyà róbótó, ń dá èémí dúró dáadáa. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn jù, ohùn á wú bí ohùn ẹni tó wà nínú àgbá. Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ yí bọ́tìnì preamp títí tí ibi tí ohùn ti ga jù yóò fi wà láàárín -12 sí -6 lójú kọ̀ǹpútà. Bí iná pupa bá tàn, ẹ ti kọjá ààlà, lẹ́tà tó bá sì ti fọ́ níbẹ̀ kò ṣe é tún ṣe.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka ogún ọ̀rọ̀ bíi ism, ithm, qalb, kalb àti sayf méjèèjì, kí ẹ dà wọ́n rú. Ẹ fún ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ kà á, kí ó gbọ́ ọ kí ó sì kọ ohun tó gbọ́ ní Lárúbáwá. Bí ó bá gba gbogbo rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ó bá ṣì í, ẹ wo lẹ́tà tó ṣì. Bó bá jẹ́ lẹ́tà hams ló ń sọnù, ariwo tàbí jíjìnnà ló fà á. Bó bá jẹ́ pé Qāf àti Kāf ló dàrú, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹnu olùkà, kí a sì padà sọ́dọ̀ àfáà. Máìkì kì í kọ́ni ní makhraj.

NÍPA ÀWỌN ÀGBÀ ÀTI ÌPAMỌ́

Bí ẹ bá lọ gba ohùn àgbà olùkọ́, ẹ kọ́kọ́ tọrọ àṣẹ, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Àgbà kò ní ti ẹnu bọ máìkì bí ọ̀dọ́, kò sì bójú mu kí a máa sọ fún un pé kí ó má mi orí. Fún irú wọn, máìkì kékeré tí a ń fi há ọrùn aṣọ ló dára. Ẹ fi sí ibi tí agbádá kò ní máa ha á, ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí àgbọ̀n. Kí ẹ sì má dá a dúró láàárín ọ̀rọ̀ nítorí ewúrẹ́ tó ké. Ẹ jẹ́ kí ó sọ tán.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ sọ orúkọ olùkà, ọjọ́, ìlú, àti bóyá Hafs tàbí Warsh ni ó fi kà á. Ẹ fi í pamọ́ ní WAV, 48,000 àti 24 bit. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé, ìyẹn document, nítorí pé ohùn tí a sọ sínú WhatsApp fúnra rẹ̀ á ti fún pọ̀. Ẹ̀dà méjì ni kí ó wà, ní ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

ÀKÓPỌ̀

Ilé ló ń yan máìkì, máìkì ló ń yan preamp. Ẹ wo ilé yín kí ẹ tó wo ọjà. Dynamic tó sún mọ́ ẹnu, preamp tó tó 60 dB tó sì mọ́, aṣọ tó nípọn, àti ẹ̀yìn Súbúhì: mẹ́rin wọ̀nyí á ṣe ju condenser olówó ńlá lábẹ́ páànù lọ. Kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ sì jẹ́ ohùn ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn olùkọ́ ìlú yín, kí ó tó pẹ́ jù.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀGBÉYẸ̀WÒ

1. Dárúkọ àwọn lẹ́tà hams. Kí ló dé tí wọ́n fi ń tètè sọnù nínú ohùn tí a gbà sílẹ̀?
2. Ìlọ́po mélòó ni 60 dB? Kí nìdí tí máìkì dynamic fi ń nílò rẹ̀ ju condenser lọ?
3. Bí a bá sún máìkì láti 40 cm wá sí 10 cm, kí ni yóò yí padà, kí ni kò ní yí padà?
4. Ta ni àgbà olùkọ́ tí kò tíì sí lórí ẹ̀rọ ní ìlú rẹ? Ọjọ́ wo ni ẹ máa lọ bá a?

Kí Ọlọ́hun fi àǹfààní sí ohun tí a gbọ́ àti ohun tí a ó gbà sílẹ̀. Àmín.

Wassalāmu ‘alaykum wa rahmatullāhi wa barakātuh.